Ọdún tìróò

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Ọ̀pẹ ni mo máa ń jókòó ka oṣù kọ̀ọ̀kan fún yín, láti Ṣẹ́rẹ́ wá. Tọdún yìí ò ní rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá wo ẹ̀yìn, oṣù Ẹrẹ́nà ni mo rí, mo rí oṣù Ògún, ìyókù dà bí ojú ọ̀nà téèyàn sùn kọjá nínú mọ́tò. Mo mọ̀ pé Tèmi ọmọ mi wọ yunifásítì. Mo mọ̀ pé Bàbá Tèmi ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún, ó sì ti ń rìn láìfi ọ̀pá tilẹ̀. Ẹ bá wa dúpẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tìróò ló gba ọdún náà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tá a ti jọ ń bọ̀ mọ iṣẹ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ ọmọdé láti àwọn ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ tá à ń gbé l'Amẹ́ríkà ń wọlé sí yàrá àyẹ̀wò wa láràárọ̀, nínú ìgò tín-ín-rín olómorí aláwọ̀ àlùkò. Òjé, tí òyìnbó ń pè ní lead, la máa ń wá nínú rẹ̀. A ó fi omi kẹ́míkà là á títí yóò fi fẹ́lẹ́, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ICP-MS á fà á mu, á sọ ọ́ sínú iná gáàsì argon tó gbóná ju ojú oòrùn lọ, á wá máa ka òjé tó bá jáde. Oríṣi òjé mẹ́ta la máa ń kà pọ̀, 206, 207 àti 208, torí pé bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe pín síra wọn máa ń yàtọ̀ láti ibi tí wọ́n ti wa òjé kan sí òmíràn. Ká tó gba ẹ̀rọ náà gbọ́, a ó kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ tí NIST, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, ti wọn òjé inú rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ṣi ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ kà, kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹ̀jẹ̀ ọmọ èèyàn lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ àgbà tí mo ń ṣe níbẹ̀ kò ju kí n yẹ gbogbo èyí wò kí n sì fọwọ́ sí i, kí n sì rí i pé kò sí ìgò kan tó wọlé láìní ohun mẹ́ta lára: ohun tó wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dì í, ẹni tó dì í.

Máíkírógíráàmù 3.5 nínú dẹsílítà ẹ̀jẹ̀ kan ni CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn, fi ṣe ààlà láti 2021. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, 10 ni. Ní 2012 wọ́n sọ ọ́ di 5. Bá a ṣe ń wádìí sí i ni ààlà náà ń wálẹ̀, torí a ò tíì rí ìwọ̀n òjé kankan, bó ti wù kó kéré tó, tá a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní pa ọpọlọ ọmọdé lára.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ní ìbẹ̀rẹ̀ Ẹrẹ́nà, ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan gbé nọ́ńbà kan jáde tí ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ fi wá kanlẹ̀kùn ọ́fíìsì mi. Mi ò ní sọ iye tó jẹ́, mi ò ní sọ ọjọ́ orí ọmọ náà, mi ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Nọ́ńbà ni gbogbo wọn ń jẹ́ lọ́dọ̀ wa, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kò yẹ̀. Mo pe ilé ìwòsàn kílẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn tó lọ yẹ ilé ọmọ náà wò kó ohun tí wọ́n rí wá: eruku ojú fèrèsé, ọ̀dà ara ògiri, ata gígún, àti ìgò kékeré kan. Wọ́n kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé ìyẹ̀fun dúdú ni, àwọn ò mọ ohun tó jẹ́. Èmi mọ̀ ọ́n kí n tó fọwọ́ kàn án. Ìgò abẹ́rẹ́ àtijọ́ ni, olómorí rọ́bà, wọ́n fi òwú so igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọn lọ́rùn. Ó wúwo ju bó ṣe mọ lọ. Mo gbé e síbi iná, mo rí bó ṣe ń dán wínníwínní nínú dúdú rẹ̀, ni mo bá rántí ẹsẹ̀ Màámi tí mo máa ń gbórí lé láràárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n mi, "Wòkè, má ṣẹ́jú," àti títutù igi náà bó ṣe ń gba etí ojú mi kọjá.

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ mi, mo wọ òmíràn. Mo wọn díẹ̀ nínú rẹ̀, a fi ásíìdì gbígbóná yọ́ ọ, a là á lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún kó má baà ba ẹ̀rọ jẹ́. Ju ìdajì rẹ̀ lọ, òjé ni.

Kì í ṣe tuntun, ìyẹn ló dùn mí jù. Ní 2012 ni CDC gbé ìròyìn jáde nípa ọmọ oṣù mẹ́fà kan ní Boston, ọmọ àwọn ará Nàìjíríà, tí wọ́n ń lé tìróò fún. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, òjé kó ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Mo ti ka ìwé yẹn láìmọye ìgbà. Mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Mi ò pe ìyá mi lórí ẹ̀ rí. Mo máa ń rò ó pé ayé àtijọ́ ni, pé kò sẹ́ni tó tún ń lé tìróò fún ọmọ. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi, torí ọwọ́ Màámi ni mo ti gba ìgò tìróò nígbà tó wá bá mi wẹ Tèmi.

Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ Dàpọ̀, ọmọ ìyá mi, ò tíì pé ọdún kan, ọ̀dọ̀ Màámi n'Ìbàdàn ló sì wà. Mo da gbogbo rẹ̀ lé e lórí: galena ni òkúta tí wọ́n ń lọ̀ tà ní tìróò, pé bó bá mọ́ gaara, òjé á kó ìdá 86.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ọmọ á fọwọ́ nu ojú, á ti ọwọ́ kan náà bọ ẹnu. Òjé inú òkúta wúrà ló pa ọmọ tó lé ní 400 ní Zamfara ní 2010. Mo sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Màámi jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Ojú tí mo lé tìróò sí náà lo fi kàwé tó o fi ń bá mi wí yìí."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà."

Ó ní ó dàárọ̀.

Kí n tó jí, ó ti pè lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní kí ni mo tún pè é lánàá. Mo ní òjé ni, Mà. Ó ní, "Òjé táwọn ọlọ́bàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́?" Mo ní òun náà ni. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Òun ni wọ́n ń lọ̀ fún wa?"

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọmọ. Ó ka àwa mẹ́fà. Ó ka àwọn ọmọ-ọmọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oríkì wọn. Ó ka àwọn ọmọ ará ilé tí ìyá wọn máa ń gbé wá bá a torí pé ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má kà mọ́. Ó kà á tán.

Ó ti fọ ojú ọmọ Dàpọ̀ kó tó pè mí. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó lọ bá ìyá tó ń tà á fún un l'Ọjà Ọba, ó dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́. Dàpọ̀ gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò. Òjé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju ààlà lọ, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ 45 tí wọ́n ti máa ń fún ọmọ ní oògùn tó ń fa òjé jáde. Nígbà tí wọ́n tún un wò, ó ti ń wálẹ̀. Ọlọ́run ṣeun.

Ní oṣù Ògún, Màámi sùn, kò jí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé owó lé wa lọ́wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá Ìbàdàn nínú òjò yẹn, mi ò ní gbàgbé yín. Mi ò tíì lè kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ eegun.

Ara ò mọ òjé yàtọ̀ sí kálísíọ́mù. Nínú ẹ̀jẹ̀, ìdajì rẹ̀ á ti lọ láàárín nǹkan bí oṣù kan, àmọ́ èyí tó bá ráyè wọ eegun lè lo ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò. Bí obìnrin bá lóyún, tí eegun ń tú kálísíọ́mù sílẹ̀ fún ọmọ inú, òjé á bá a jáde. Nítorí náà, nínú tìróò tí Màámi lé fún mi ní Bẹẹrẹ ní 1974, díẹ̀ ṣì lè wà lára mi títí di àárọ̀ yìí, kí díẹ̀ sì ti wọ ara Tèmi. Lọ́dọọdún ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun ní ẹ̀kọ́ eegun yìí. Lọ́dún yìí, mo dé ìdí ọ̀rọ̀ oyún, mo ní kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún, mo jáde síta.

Ọmọ oṣù Ẹrẹ́nà yẹn, nọ́ńbà rẹ̀ tún wọlé ní Bélú. Ó ti wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Mo jókòó ti bébà náà fún ìgbà díẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí i.

Àwọn nọ́ọ̀sì ìlú wa ní kí n bá àwọn kọ ìwé pélébé lédè Yorùbá fún àwọn ìyá, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ní Ṣẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ má ṣe." Mo pa á rẹ́. Èyí tí mo kọ bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ìyá tó lé tìróò fún ọmọ rẹ̀, ìtọ́jú ló ń ṣe. Òjé ló fara pa mọ́ sínú rẹ̀." Lẹ́yìn náà ni mo tó sọ pé kí wọ́n fi omi mímọ́ fọ ojú ọmọ, kí wọ́n máa fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó jẹun, kí wọ́n gbé e lọ gba àyẹ̀wò, kí wọ́n sì mú ìgò náà dání, ẹnikẹ́ni ò ní bú wọn. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn le láti gbà. Ìpàdé mẹ́ta la ṣe lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti Dàpọ̀ ń kó ẹrù inú yàrá Màámi. Nísàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀, nínú ọ̀rá méjì tí wọ́n dì pọ̀, mo rí ìgò tìróò. Ó ti fi báńdéèjì wé ẹnu rẹ̀ yíká. Ó lẹ bébà mọ́ ọn lára, ó kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà láìfi àmì sí i: OJE. E MA FOWO KAN AN. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọjọ́: 28/3.

Orúkọ ẹni tó dì í ló kù. Mo mú báírò nínú báàgì mi, mo kọ ọ́ sí i.