Ọ̀rọ̀ tó kọjá ọ̀rọ̀-ìṣe

Màmá àgbàlagbà kan jókòó tì mí nílé oúnjẹ kan ní Tokyo lánàá. Ó tọ́ omi ramen rẹ̀ wò, ó ní, "Oishii ne, kore." Ó dùn o, èyí. Inú mi dùn dénú! Nínú ìwé tí a fi ń kọ́ èdè Japan, ọ̀rọ̀-ìṣe, tàbí ọ̀rọ̀ bíi "oishii", ló ń kẹ́yìn gbólóhùn. Iwájú ni "kore" ìbá wà. Lẹ́nu àwọn ará Japan, nígbà mìíràn, ohun tó ká wọn lára ló ń kọ́kọ́ jáde, wọ́n á wá fi èyí tó kù tì í lẹ́yìn. Àwọn ará Kòríà náà ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Masisseo, igeo."

Bí orúkọ tó ní "ga" lára (ọ̀rọ̀ kékeré tó ń tọ́ka sí ẹni tó ṣe nǹkan) bá sún sẹ́yìn, "ga" á bá a lọ: "Kita yo, Tarō ga." Tarō náà ló dé, kò rúni lójú rárá.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti ìbéèrè. "Dare ga kita no?" ni wọ́n fi ń bèèrè ẹni tó dé. Ẹ ò lè ti "dare ga" yẹn sẹ́yìn o, létí wọn, kò bá èdè mu. Ó sì yé mi: ohun tí a ń wá gan-an, ṣé ẹ̀yìn la ó sọ ọ́ sí ni?