Ojú irin Ṣábẹ, ọ̀nà tí kò ni Màmá lára

Àlejò tó bá wọ Ṣábẹ, ìlú wa ní orílẹ̀-èdè Benin, àpáta ló máa ń kọ́kọ́ fẹ́ gùn. Mi ò bá wọn jiyàn, àwọn òkè wa wuyì. Àmọ́ ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àbíkẹ́yìn mi ò sì tí ì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ta ni yóò gbé ta ni gòkè? Ojú irin ni tiwa.

Ọkọ̀ ojú irin kò bá òkè ṣọ̀rẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ irin, ọ̀nà rẹ̀ irin, ṣe ni yóò máa yọ̀ tí ilẹ̀ bá ga jù. Ìdí nìyẹn tí àwọn Faransé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láti Kùtọnú ní ọdún 1900 fi ń wá ibi tó tẹ́jú gbà. Ibi tó ga, wọ́n gbẹ́ ẹ. Ibi tó rẹlẹ̀, wọ́n kún un. (Apá àwọn baba wa ló ṣe gbígbẹ́ àti kíkún ọ̀hún o.) Ní báyìí tí ọkọ̀ akérò ò kọjá mọ́, ìyá arúgbó tí orúnkún ń dùn ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ àtijọ́ la ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin mi gun orí irin, ó na apá méjèèjì. Àbúrò rẹ̀ fẹ́ mọ bí irin méjèèjì ṣe jìnnà síra tó. Mo ní mítà kan péré ni. Kò gbà mí gbọ́, ló bá dùbúlẹ̀ gbalaja láàárín wọn: orí kan ọ̀kan, gìgísẹ̀ kan èkejì, ó ṣe rẹ́gí.

“Dìde níbẹ̀! Ọ̀nà ọkọ̀ nìyẹn!” Màmá ló pariwo.

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ọkọ̀ ò wá mọ́.”

“Tó bá wá lónìí ńkọ́?”

Ọmọ dìde.

Ẹ má bá Màmá wí. Wàgàṣì, wàrà àwọn Fúlàní, ni wọ́n ń tà níbẹ̀ nígbà tí èrò ṣì ń wọkọ̀ láti Kùtọnú lọ sí Parakou, ìrìn kìlómítà 438. Bí fèrè bá ti dún, wọn a gbé àwo lérí, wọn a sáré tẹ̀lé fèrèsé. Àwọn oníjìbìtì kan wà nínú ọkọ̀, wọn a gba wàgàṣì, wọn a wá máa tú àpò kiri bí ẹni ń wá owó títí ọkọ̀ á fi ṣí. “Owó mi ṣì wà ní Parakou,” Màmá ló wí bẹ́ẹ̀, inú sì ń bí wọn di òní.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ, àárọ̀ ìgbà ọyẹ́ ló dára jù. Tí òjò bá ti ń rọ̀, koríko a bo ọ̀nà, ejò ò sì ní kí yín kó tó ṣe yín. Ẹ gbé omi dání, ẹ di ọwọ́ ọmọ mú níbi afárá kéékèèké, ẹ sì yà fún alùpùpù, torí àwọn náà ti sọ ẹ̀gbẹ́ irin di títì.

Ìdí igi kajú kan la ti yí padà. Ọmọkùnrin mi béèrè bóyá irin náà dé Niger. Mo ní rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Niger wà lára OCBN, iléeṣẹ́ tí Benin àti Niger jọ dá sílẹ̀ ní 1959 láti máa bójú tó o. Parakou ló parí sí.

Ó ní tí òun bá dàgbà, òun á fẹsẹ̀ rìn ín débẹ̀ lọ gba owó Màmá. Màmá ní kó má gbàgbé èlé.