Yíyan Odidi Ẹja Àrọ̀ Nínú Ófùnù Láìfi Fọ́ìlì Bò Ó

Nígbà tí mo bá fẹ́ yan odidi ẹja nínú ófùnù, ẹja àrọ̀ ni mo máa ń rà, kì í ṣe ẹja Títù inú yìnyín tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lò. Títù dùn, n kò bá a jà, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú ni mò ń gbé, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja àrọ̀ lọ́pọ̀ yanturu nínú àwọn adágún tí ó wà ní Eriwe lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Láàyè ni a ti máa ń rí i rà ní ọjà Òkè-Ajé, nítorí pé ẹja yìí ní ẹ̀yà ara kan lápá òkè inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ tí àwa náà ń mí, ìdí nìyẹn tí ó fi lè wà fún wákàtí púpọ̀ nínú bàsíà tí omi rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ láìkú. Ẹja tí ó ń fi ìrù na ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ìgbà tí ó ti odò dé.

Ohun tí ó ń ba ẹja inú ófùnù jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé kì í ṣe àìmọ ata lọ̀, yíyan án pẹ́ jù ni. Ẹja gbígbẹ ni a mọ̀ jù ní ilẹ̀ wa. Láti Ẹ̀pẹ́ àti láti àgbègbè Ogun Waterside ni ó ti ń wá, tí èéfín ti gba gbogbo ara rẹ̀, tí omi ti tán nínú rẹ̀, nítorí pé ní ayé ìgbà tí kò sí fíríìjì, ẹja tí kò bá gbẹ kò lè rìn jìnnà kí ó má rà. Òun ni a ń fi sínú ìkọ́kọrẹ́, òun ni a ń fi se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, òun náà ni ó sì kọ́ wa pé ẹja tí ó bá rọ̀ kò tíì jinná. Àǹtí mi kan wo ẹja inú ófùnù tí mo gbé síwájú wọn, wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ẹja tí omi ṣì wà lára rẹ̀ ni o fẹ́ kí n jẹ?” Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ tọ́ ọ wò ná. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọn kò sì tún sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kan eegun.

Ẹran ara ẹja kò rí bíi ti màlúù. Iṣan màlúù gùn, ó le, ó sì ń fẹ́ kí a fi ara balẹ̀ sè é. Ti ẹja wà ní ìpele ìpele kúkúrú, ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó so ìpele wọ̀nyí pọ̀ sì máa ń yọ́ kíákíá bí ooru bá ti kàn án. Tí ooru bá ti wọ inú rẹ̀ dé nǹkan bíi 63 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ti jinná, kò sì séwu nínú jíjẹ rẹ̀. Gbogbo ìṣẹ́jú tí a bá tún fi kún un lẹ́yìn ìyẹn, omi ara ẹja náà ni a fi ń lé jáde.

Fífọ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ tí ó le jù. Àrọ̀ kò ní ìpẹ́, ṣùgbọ́n ohun yíyọ̀ tí ó bo ara rẹ̀ kò ní jẹ́ kí iyọ̀ tàbí ata dúró lórí awọ. Mo máa ń fi iyọ̀ púpọ̀ pa á lára, kí n wá da omi gbígbóná lé e, kì í ṣe omi tí ó ń hó, nítorí pé omi híhó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í se awọ, awọ náà yóò sì ya nígbà tí a bá ń yí i. Ohun yíyọ̀ náà yóò funfun, ẹ̀yìn ọ̀bẹ sì lè ha á kúrò. Bí ẹ bá ń yọ ìfun, ẹ ṣọ́ra fún òróòro. Bí ó bá bẹ́ sínú ẹja, kò sí ata tí yóò bo ìkorò rẹ̀. Kí ẹ fa ohun pupa tí ó wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ jáde, kí ẹ sì ha ẹ̀jẹ̀ dúdú tí ó lẹ̀ mọ́ eegun ẹ̀yìn nínú lọ́hùn-ún, torí ó wà lára ohun tí ó máa ń mú kí ẹja rùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ún gbẹ, nínú àti lóde. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe èyí, ṣùgbọ́n awọ tí omi wà lára rẹ̀ kò lè pọ́n. Ooru yóò kọ́kọ́ dojú kọ omi náà ni kí ó tó kan ẹja.

Odidi àrọ̀ tí ó tó kílò kan gùn ju tíréè ófùnù inú ilé lọ. Ẹja tútù ni à ń ká, ẹnìkan kì í ká ẹja gbígbẹ. Mo máa ń tẹ ìrù rẹ̀ wọ ẹnu, kí n fi igi ìtayín dè é mọ́ ibẹ̀. Yàtọ̀ sí pé yóò gba inú tíréè, ìrù tí kò nípọn kò ní jóná kí ẹ̀yìn orí tó jinná. Mo tún máa ń fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kí ó jìn dé eegun, kí ooru àti iyọ̀ lè rí ọ̀nà wọlé.

Ata rẹ̀ kò ní àṣírí kankan: ata rodo, tàtàṣé, àlùbọ́sà, aáyù àti atalẹ̀, pẹ̀lú òróró, iyọ̀ àti ewé efinrin tí a gé wẹ́wẹ́. Kí ẹ má ṣe bu omi sí i nígbà tí ẹ bá ń lọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi asẹ́ sẹ́ èyí tí ó bá sun jáde. Ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ fi pa ẹja náà lára, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ inú ibi tí ẹ là. Ìyókù di ìgbẹ̀yìn, nítorí aáyù tètè máa ń jóná. Ọsàn wẹ́wẹ́ dára, ṣùgbọ́n kí ẹ má fún un sí i kí ẹ wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, nítorí kíkan rẹ̀ yóò ti mú ẹran ẹja náà funfun, yóò sì sọ ọ́ di jákujàku.

Ófùnù gbọ́dọ̀ ti gbóná kí ẹja tó wọ inú rẹ̀. 220 Celsius ni mo ń lò. Bí ó bá jẹ́ pé nọ́ńbà ni ó wà lára ohun tí ẹ ń yí lára ófùnù gáàsì yín, 7 ni. Àwọn ará Kánádà ní ìlànà àtijọ́ kan tí mo fẹ́ràn: bí ẹja ti nípọn tó ni kí a wò, kì í ṣe bí ó ti wúwo tó, kí a sì fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 10 nínú ófùnù tí ó gbóná janjan. Àrọ̀ tí mò ń sọ yìí kì í sábà ju ìṣẹ́jú 25 sí 30 lọ. Ẹ gbé e sórí irin oníhò, kí ẹ fi tíréè sábẹ́ rẹ̀ láti gba ọ̀rá tí yóò máa kán, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè yí i ká.

Ọ̀rọ̀ fọ́ìlì wá kàn. Nínú ọ̀pọ̀ fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì, ńṣe ni wọ́n máa ń wé ẹja sínú rẹ̀ bí ẹni ń wé mọ́ínmọ́ín. Ooru tí ó ń jáde lára ẹja kò rí ọ̀nà àtijáde, yóò di omi, omi náà yóò sì padà sórí awọ. Ẹja sísè ni ẹ óò bá nínú rẹ̀, tí awọ rẹ̀ ń yọ̀. Bí ẹja sísè bá wù yín, ìkòkò wà, kò sì ná yín ní gáàsì tó bẹ́ẹ̀. Àrọ̀ ní ọ̀rá lára tí ó tó láti dáàbò bo ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó rí ooru. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbà kí á lo fọ́ìlì fún ni títẹ́ ẹ sínú tíréè, torí fífọ tíréè kì í ṣe eré.

Nígbà tí ó bá ku bí ìṣẹ́jú 8, ẹ da ata ìyókù lé e, kí ẹ sì tan iná òkè bí ófùnù yín bá ní in. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti jinná bí ojú rẹ̀ bá ti funfun, tí ọ̀bẹ tí ẹ tì bọ ẹ̀yìn orí, níbi tí ó ti nípọn jù, bá ń ya ẹran kúrò lára eegun láìjà, tí ẹran náà kò sì hàn gààràgà mọ́. Ẹ gbé e síta, kí ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú.

Ọ̀pọ̀ ń fi ìrẹsì tàbí dòdò jẹ ẹ́. Gàrí Ìjẹ̀bú tí a rẹ sínú omi tútù ni èmi fi ń jẹ ẹ́, nítorí pé kíkan tí gàrí náà ní láti ara ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ fi wà nínú àpò kí wọ́n tó yan án máa ń gé ọ̀rá àrọ̀ lẹ́nu, tí òkèlè ẹja tí ó tẹ̀lé e yóò sì dùn bí ti àkọ́kọ́. Kí ẹ má wulẹ̀ fi ṣúgà sí i. Orí ẹja àti eegun rẹ̀, ẹ kó wọn sí fíríìjì. Ìkọ́kọrẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n wà fún.