Kòrónà ní Ìlọrin, kòrónà ní Houston

Ní ìparí oṣù keje ọdún 2020, fídíò kan ń lọ káàkiri, ti dókítà kan ní Houston níbí tó kàwé ní Nàìjíríà, tó lọ dúró ní Washington tó ń sọ pé oògùn ibà hydroxychloroquine ń wo kòrónà sàn, pé èèyàn ò nílò ìbòmú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wọlé sórí fóònù mi láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Màmá mi ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ láti Pákàtà ní Ìlọrin, wọ́n fi ohùn sí i pé "Ọmọ mi, Houston ọ̀dọ̀ yín náà ni dókítà yìí wà, ẹ tètè lọ bá a o." Kò pẹ́ ni ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, òyìnbó, náà fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa.

Nílé, àbúrò mi ní "Màámi, irọ́ ni o," wọ́n ní "ìwọ lo mọ̀," ọ̀rọ̀ tán, wọ́n jọ jẹ àmàlà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Níbi iṣẹ́ wa ńkọ́? Obìnrin kan tó ti bá ọ̀gá yẹn ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, tí àwọn ọmọ wọn jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, fèsì pé ṣé Trump, ààrẹ Rìpọ́blíkà ìgbà náà, ló rán an níṣẹ́ ikú ni, ọ̀gá náà ní Dẹmokrátì, ẹgbẹ́ tó ń tako Trump, lẹ ti jẹ́ látilẹ̀, ẹ̀ ń fẹ́ kí ọrọ̀ ajé wó kí ẹ lè wọlé ìbò. Àtọjọ́ náà wọn ò kí ara wọn mọ́. Emi tí mo wà láàárín wọn, tí mi ò tiẹ̀ ní káàdì ìdìbò kankan, wọ́n ń wo ìbòmú ojú mi láti mọ ẹ̀yìn ẹni tí mo wà.

Ohun tó ṣòro fún mi láti ṣàlàyé fún àwọn ará ilé nìyẹn o. Ní Texas nígbà náà, aṣọ pélébé tí a fi ń bo imú ti di káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, Lina Hidalgo tó jẹ́ olórí káúńtì Harris tí Houston wà, Dẹmokrátì, pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn wọ ìbòmú, ẹni tí ò bá wọ̀ ọ́ lè san owó ìtanràn tó tó 1,000 dọ́là. Gómìnà Greg Abbott, Rìpọ́blíkà, ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di ọjọ́ kejì oṣù keje tí ọsibítù ń kún, gómìnà yìí kan náà fúnra ẹ̀ pàṣẹ ìbòmú, nígbà tó di oṣù kẹta 2021 ó tún mú un kúrò. Ta ni mẹ̀kúnnù fẹ́ gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu nínú wọn? Mo rí bàbá àgbàlagbà kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tó ń bú ọmọdébìnrin tó ń pín ìbòmú, ọmọ tí ò lè ju ogún ọdún lọ, ọwọ́ ọmọ náà ń gbọ̀n, ó ṣáà ń sọ pé "ẹ má bínú sà."

Ìlọrin ò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò gbọ́ kí aládùúgbò méjì bá ara wọn jà nítorí kòrónà ní Pákàtà, torí ibì kan náà ni gbogbo wọn kọjú ẹ̀bi sí: ìjọba. "Kò sí kòrónà, owó ni wọ́n fẹ́ jẹ." Láti ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin 2020 tí wọ́n ti kéde àwọn méjì àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà ní Kwara ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu wọn. Ká sì wò ó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbẹ̀ ní Kogi, gómìnà ìgbà náà, Yahaya Bello, fẹnu ara ẹ̀ sọ pé wọ́n kàn ń fi kòrónà dẹ́rù ba aráàlú ni, àwọn NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn, lọ síbẹ̀ ní oṣù karùn-ún, wọ́n sáré padà. Kí ni ará Òmù-Àrán tó ń ná ọjà lọ ná ọjà bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn fẹ́ gbà gbọ́?

Lẹ́yìn náà ni ti oṣù kẹwàá, lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS, tí aráàlú já ilé ìkẹ́rù wọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfuurufú Ìlọrin, tí wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà, páléétíìfù, níbẹ̀. Àbúrò mi pè mí látojú ọ̀nà, mò ń gbọ́ ariwo. Ó ní ìyá kan gbé páálí índómì lé orí, ó jókòó sẹ́bàá títì, ó ń sunkún, ó ní "wọ́n ní kò sí, wọ́n ní kò sí." Àwọn gómìnà ṣàlàyé pé CACOVID, ìyẹn àwọn iléeṣẹ́ aládàáni tó para pọ̀ gbógun ti kòrónà, ló kó o wá, pé wọn ò tíì pín in tán. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àwọn tí wọ́n ti ọjà wọn pa fún ọ̀sẹ̀ gbọọrọ ò lè gbọ́ àlàyé yẹn, èmi náà ò dá wọn lẹ́bi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fẹ́ràn ìkólé.

Ibẹ̀ gan-an ló ti bà wá jẹ́ jù. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà dé Nàìjíríà ní oṣù kẹta 2021, bíi mílíọ̀nù mẹ́rin, màmá mi ní "ìjọba tó fi ìrẹsì pamọ́ fún mi, òun ló wá fẹ́ fún mi ní abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ní oṣù Kejìlá wọ́n da abẹ́rẹ́ AstraZeneca tó lé ní mílíọ̀nù kan nù ní Abuja torí ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀, àwọn òyìnbó tó ta á lọ́rẹ kó o wá nígbà tí ọjọ́ ẹ̀ ti fẹ́ tán, inú bí mi débi pé mi ò lè sùn. Ní Houston níbí, abẹ́rẹ́ wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù oògùn nígbà náà, ọ̀gá wa ò gbà á, ó ní ti Biden, ààrẹ Dẹmokrátì tó gbapò Trump, ni. Oṣù kẹsàn-án 2021 ló kú. Obìnrin ibi iṣẹ́ wa tí wọn ò kí ara wọn mọ́ yẹn wá síbi ìsìnkú, ó dúró síta lẹ́bàá mọ́tò tòun ti ìbòmú ẹ̀, kò wọlé, kò sì lọ.

Ó lé ní mílíọ̀nù kan tó kú ní Amẹ́ríkà. Ti Nàìjíríà tí wọ́n kọ sílẹ̀ jẹ́ 3,155, a sì mọ̀ pé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún wa kéré, ẹni tó kú sílé ò sí nínú ẹ̀.

Ní ọdún 2022 màmá mi gba abẹ́rẹ́ wọn. Nọ́ọ̀sì kan ni, ọmọ Alhaja ẹ̀yìnkùlé wa, tí màmá mi gbé pọ̀n ní kékeré, òun ló gún wọn. Wọ́n ya káàdì ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó tì í bọ inú báàgì Mẹ́kà wọn, wọ́n ní "má rò pé torí ìjọba ni o."