Ọlọ́run Kọ́ Ni Onídàájọ́ Yẹn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ìwàásù, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀kan nínú yín láìpẹ́ yìí pé Ọlọ́run ni onídàájọ́ inú òwe opó tí Jésù pa, ara mi kò sì gbà á mọ́.

Àkọ́kọ́, kí ẹ tó túmọ̀ òwe Jésù kankan, ẹ wo ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ àti ohun tó fà á. Torí pé àwọn Farisí ń kùn pé ó ń bá ẹlẹ́ṣẹ̀ jẹun ló ṣe pa àwọn òwe inú Lúùkù 15.

Èkejì, kì í ṣe gbogbo nǹkan inú òwe ló ní ìtumọ̀ ìkọ̀kọ̀. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù àti olùkọ́ Ìjọ láyé àtijọ́, ní olùtọ́jú ilé èrò nínú òwe aláàánú ará Samáríà ni àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù. Ọ̀mọ̀wé ńlá ni Augustine, mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ohun tí amòfin tí Jésù pa òwe náà fún béèrè ni pé, "Ta ni ẹnìkejì mi?" Pọ́ọ̀lù kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Nígbà tí mo ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́, ọ̀gá wa kan ń wàásù lórí opó inú Lúùkù 18, tó ń lọ bá onídàájọ́ kan lemọ́lemọ́ títí ó fi gbèjà rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ni onídàájọ́ náà, àfi ká yọ Ọ́ lẹ́nu títí yóò fi sú U. Ìyá kan jókòó síwájú tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lẹ́yìn àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn ìsìn, ó lọ bá a, ó bi í bóyá àdúrà òun ni kò tó. Ọ̀gá dáhùn pé, "Bóyá ẹ tètè dákẹ́ ni, Ìyá." Mo wà níbẹ̀. Ìyá náà ní "Ẹ ṣé, sà," ó sì di ẹ̀yìn àga mú kó má baà ṣubú. Inú ṣì ń bí mi sí ọkùnrin yẹn.

Ẹsẹ kejì sì ti sọ irú ẹni tí onídàájọ́ náà jẹ́: kò bẹ̀rù Ọlọ́run, kò ka ènìyàn sí. Báwo ni ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run ṣe fẹ́ jẹ́ Ọlọ́run? Ohun tí Jésù ń sọ ni pé bí irú ìkà bẹ́ẹ̀ bá lè gbèjà opó, ká má tíì wá sọ ti Ọlọ́run tó fẹ́ràn àwọn àyànfẹ́ rẹ̀. Lórí bí àwọn méjèèjì kò ṣe jọra ni gbogbo òwe náà dúró lé. Ẹsẹ kìn-ín-ní pàápàá sọ ìdí tó fi pa á: kí ó má baà rẹ̀ wá. Òwe ìtùnú ni wọ́n fi dá ọlọ́fọ̀ lẹ́bi!

Bákan náà lẹ máa bá ọ̀rẹ́ tó ti ilẹ̀kùn lọ́gànjọ́ nínú Lúùkù 11: òun náà kọ́ ni Ọlọ́run. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ẹsẹ 13 kí ẹ tó gun pẹpẹ.