Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ SR400: ọ́ìlì tó ń gbé inú férémù

Ṣéènì ti kúrò nílẹ̀, bíréèkì ti kúrò nílẹ̀, kabúrétọ̀ tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ náà ti gbọ́rọ̀. Ó ku ọ́ìlì àti fílítà. Ẹni tó ti pààrọ̀ ọ́ìlì alùpùpù mìíràn rí lè ní kí ló wá le níbẹ̀: ẹ tú bóòtì ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó dà tán, ẹ dí i, ẹ da tuntun sí i. Bí ẹ bá ṣe Yamaha SR400 bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ọ́ìlì dúdú yẹn á ṣì wà níbi tó wà, ẹ ó kàn da tuntun pọ̀ mọ́ ọn ni.

Ìdí ni pé SR kì í tọ́jú ọ́ìlì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Férémù ni táńkì ọ́ìlì. Irin gbàǹgbà tó sọ̀ kalẹ̀ láti abẹ́ ọwọ́ ìdarí wá sí iwájú ẹ́ńjìnnì, ihò ni inú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ́ìlì ń gbé. Pọ́ǹpù ń fà á láti ibẹ̀ lọ fún kíránkì àti orí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó bá ti ṣiṣẹ́ tán tó ro sí ìsàlẹ̀, apá kejì pọ́ǹpù náà á tún kó o padà sókè. Ọdún 1978 ni SR400 àti SR500 jáde pẹ̀lú ètò yìí, bẹ́ẹ̀ náà ló wà títí wọ́n fi dáwọ́ SR400 dúró ní 2021. Èmi fẹ́ràn ètò náà. Ẹ́ńjìnnì kò nílò ikùn jíjìn nísàlẹ̀, atẹ́gùn tó ń lu férémù bí a ṣe ń lọ sì ń mú ọ́ìlì tutù. Àmọ́ ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ́ìlì wà ní wákàtí tó ń wò ó.

Kí n tó tú ohunkóhun

Alùpùpù náà ti dúró fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mo yọ géèjì (ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì) lókè férémù, mo nù ún, mo tì í bọ̀ ọ́, mo tún yọ ọ́. Ó gbẹ fúrúfúrú. Ẹni tí kò bá mọ SR á sáré gbé gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì wá báyìí.

Kò sí ohun tó jò. Bí alùpùpù yìí bá wà lórí ìdúró fún ìgbà díẹ̀, ọ́ìlì a máa yọ́ gba inú pọ́ǹpù kúrò nínú férémù lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá wá da òmíràn sí i nítorí pé géèjì gbẹ, ọjọ́ tí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì ni pọ́ǹpù á kó ti ìsàlẹ̀ wá bá ti òkè. Férémù á kún ju bó ṣe yẹ lọ, á sì máa pọ ọ́ìlì gba ọ̀nà èémí lọ sínú àpótí fílítà afẹ́fẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn SR tí wọ́n ní ó “ń jẹ ọ́ìlì”, bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ló ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Mo gbé e sórí sitáǹdì àárín níbi tó tẹ́jú, mo tan án, mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí tí férémù fi gbóná dé ibi tí n kò lè fi ọwọ́ lé e pẹ́. Mo pa á, mo wo géèjì lójú ẹsẹ̀. Ọ́ìlì ti dé àárín àmì méjèèjì, ó dúdú bí ẹ̀dú. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn: ọ́ìlì tó gbóná ń ṣàn, ó sì ń gbé ìdọ̀tí tó ti rú sókè lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Tó bá tutù, ìdọ̀tí á ti fìdí kalẹ̀.

Ibi tí ó ti ń dà

Bóòtì méjì ló wà: ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ férémù, ọ̀kan lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ti férémù ni mo fi ṣáájú, kí ọ́ìlì má baà ráyè yọ́ sísàlẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ti ń da ọ́ìlì sí kí ẹ tó tú bóòtì yìí, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ó ń mú kó yára dà.

Ọ́ìlì ibí yìí kì í ro wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń tú jáde, ó sì gbóná. Ara ẹ́ńjìnnì àti páìpù èéfín ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Mo gé ike ọ́ìlì kan ní ìdajì, mo tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ abẹ́ bóòtì, ó sì gbá ọ́ìlì náà lọ sínú ọpọ́n. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é láìsí i: ọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ kò dára fún awọ ara.

Ti abẹ́ ẹ́ńjìnnì kò ní wàhálà. Díẹ̀ ló jáde níbẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn nígbà tí pọ́ǹpù ti kó ìyókù sókè. Mo nu bóòtì méjèèjì, mo fi wọ́ṣà tuntun sí wọn.

Fílítà àti bóòtì olóríkunkun

Fílítà SR kì í ṣe agolo tí a ń yí kúrò lódindi. Bébà tí wọ́n ṣẹ́ po yípo ni, ó jókòó sínú ihò kan lápá ọ̀tún ẹ́ńjìnnì, ìdérí tí bóòtì mẹ́ta mú ló bò ó. Bóòtì kékeré mìíràn wà lábẹ́ ìdérí yìí fún ríro ọ́ìlì inú ihò náà. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ apá aṣọ yín ni yóò gbà á.

Méjì nínú bóòtì mẹ́ta náà jáde wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀kẹta ní òun ò lọ. Ẹni tó ni alùpùpù yìí kó tó kàn mí ti fi sípánà tí kò bá a mu wọ́ ọ títí igun orí rẹ̀ fi jẹ, ó ti di roboto. Bóòtì M6, ìyẹn tínínrín, sì ni, inú àlùmíníọ̀mù ló wọ̀. Bí a bá fi ipá mú un, yálà kí orí rẹ̀ já, tàbí kó gbé tírẹ́ẹ̀dì bọ́ síta. Méjèèjì ló ń sọ iṣẹ́ kékeré di ti ọ̀sẹ̀ kan.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà tó yí i ká, mo wọ́n ọ́ìlì tó ń tú ìpẹtà sí i, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Láàárọ̀, mo gbé irin ṣóńṣó lé orí rẹ̀ gan-an, mo fi òòlù kékeré gbá a ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Kì í ṣe láti yí i o. Ìgbọ̀n yẹn ló ń já ìpẹtà kúrò lára tírẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà tó há díẹ̀ ju orí bóòtì lọ, mo fi òòlù tì í wọlé títí ó fi mú. Onígun méjìlá kò wúlò fún irú èyí, á tún jẹ orí rẹ̀ sí i ni. Mo kọ́kọ́ fà á bí ẹni fẹ́ dè é, ní ìwọ̀n bíńtín, kí n tó yí i padà. Ó dún “kẹ́n” lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé mi. Kò sí ohun tí kò dára ní tírẹ́ẹ̀dì inú. Bóòtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo fi tuntun rọ́pò.

Fílítà àtijọ́ kò ní lọ sí ààtàn láìṣe àyẹ̀wò. Mo gé e, mo tẹ́ bébà rẹ̀ sórí aṣọ funfun, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Èérún dúdú tó rọ̀ wà níbẹ̀, ti àwo kílọ́ọ̀ṣì ni. Eruku tó ń dán wà níbẹ̀ díẹ̀. Mo gbé mágínẹ́ẹ̀tì kọjá lórí rẹ̀, kò gbé e, àlùmíníọ̀mù nìyẹn. Irú èyí kò bà mí lẹ́rù lára ẹ́ńjìnnì tó ti rìn jìnnà. Ohun tí ì bá gba oorun lójú mi ni èérún irin tó tóbi tó ohun tí èékánná lè mú, tí mágínẹ́ẹ̀tì sì gbé. Kò sí.

Rọ́bà òrùka ìdérí náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti le. Mo fi tuntun sí i, mo fi ìka tó ní ọ́ìlì pa á lára kó lè jókòó dáadáa. Bóòtì ìdérí kò gbà ju 10 Nm lọ. Ẹni tí kò ní sípánà tó ń wọn agbára, kó lo sípánà kúkúrú, kó má fi apá sí i.

Ọ́ìlì wo?

Ọ́ìlì kan náà ló ń sin písítìnnì, gíà àti kílọ́ọ̀ṣì nínú SR. Àwo kílọ́ọ̀ṣì wà nínú ọ́ìlì, ó sì gbọ́dọ̀ lè di ara rẹ̀ mú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n fi èròjà tó ń mú kí irin túbọ̀ máa yọ̀ sí kí epo bẹntiróòlù lè pẹ́. Tí irú rẹ̀ bá bọ́ sórí àwo kílọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì á máa ké, alùpùpù ò ní lọ. Àmì tí mo ń wò lára ike ni JASO MA tàbí MA2 (òṣùwọ̀n àwọn ará Japan fún ọ́ìlì alùpùpù). MB kò sí fún un, ti àwọn súkútà tí kílọ́ọ̀ṣì wọn kì í wọnú ọ́ìlì ni. 20W-50 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) ni mo lò nítorí inú ooru ni mo ti ń gùn ún. Níbi òtútù, 10W-40 á tètè ṣàn nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì. Ní tèmi, ariwo tí wọ́n ń pa lórí irú ọ́ìlì tó wọ́n jù ti pọ̀ jù. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò.

Dídà á padà

Pẹ̀lú fílítà, 2.1 lítà ni. Bí ẹ kò bá pààrọ̀ fílítà, 2.0. (2.4 tí ẹ lè rí nínú ìwé, ti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú palẹ̀ tó gbẹ pátápátá ni.) Mo gbé àrọ sí ẹnu férémù, mo rọra da èyí tó pọ̀ jù, mo dá ìyókù dúró, torí apá kan ṣì máa lọ kún inú ẹ́ńjìnnì àti ihò fílítà.

N kò tan án lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo pa súìṣì, mo di ọwọ́ dekọ́mpírẹ́ṣọ̀ (èyí tó ń tú afẹ́fẹ́ tó fún pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí kíìkì má baà le) mú lápá òsì, mo sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ kíìkì wọ́ọ́rọ́wọ́, kí pọ́ǹpù lè fa ọ́ìlì tuntun kí iná tó bọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tú bóòtì kékeré tí ìwé alùpùpù fi hàn fún yíyẹ ìṣàn ọ́ìlì wò, ní díẹ̀díẹ̀, láìyọ ọ́. Ó wá kan kíìkì gidi. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi le, mo fa dekọ́mpírẹ́ṣọ̀, mo rọra tẹ̀ ẹ́ sí i títí àmì fi yọ lójú fèrèsé kékeré orí ẹ́ńjìnnì, mo fi í sílẹ̀, mo jẹ́ kí kíìkì padà sókè, mo sì gbá a láìfọwọ́ kan tọ́rọ́tù. Ó gbà. Kò pẹ́ tí ọ́ìlì mímọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu bóòtì kékeré yẹn. Mo dè é. Bí ìṣẹ́jú kan bá kọjá tí ohunkóhun kò yọ, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ má dúró wò ó.

Mo da ìyókù sí i bó ṣe ń gbóná, mo gùn ún lọ bọ̀, mo sì wo géèjì kí n tó bọ́ ìbọ̀wọ́: ó kù díẹ̀ kó dé àmì òkè, mo fi í síbẹ̀. Ibi bóòtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìdérí fílítà, kékeré abẹ́ rẹ̀ àti ti ìsàlẹ̀ méjèèjì gbẹ. Ọ́ìlì àtijọ́ wà nínú ike tó ní ìdérí, ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe. Kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ tàbí gọ́tà.

Tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo fáàfù, ló kàn. Ìyẹn kò fẹ́ ooru rárá, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátá kí n tó ti irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo bọ abẹ́ rẹ̀, nítorí náà ó di ọjọ́ mìíràn.