Ohun tí àwọn àlejò tó ń dá rìn kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúró nídìí tábìlì ìgbàlejò, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi àlejò láìronú nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Bí ẹnì kan bá wọlé tí mi ò rí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀, màá ní, "Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wá?" Mi ò ní èrò ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan wò mí lójú, ó ní, "Èmi nìkan ni mo sanwó fún, ọmọ mi." Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́. Ó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yọ ìbéèrè yẹn kúrò lẹ́nu mi. Orúkọ tí wọ́n fi gba yàrá ni mo ń béèrè, ó sì tó.

Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, mi ò já a ní koro. Ṣùgbọ́n ó ń mú ká máa wo ẹni tó dá rìn bí ẹni tí nǹkan ṣe, bóyá wọ́n kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ni, bóyá kò lọ́rẹ̀ẹ́ ni. Púpọ̀ nínú àwọn tí mo ti gbà lálejò lọ́kọ tàbí láya, wọ́n lọ́mọ, wọ́n sì lọ́rẹ̀ẹ́ rẹpẹtẹ. Ẹnìkejì wọn ni kò rí ìsinmi gbà níbi iṣẹ́, tàbí kó má fẹ́ràn ìrìn rárá. Àkókò ni wọ́n wá rà. Ẹni tó bá ẹbí rẹ̀ rìn gbọ́dọ̀ bá wọn jí, kó bá wọn jẹun, kó dúró de ẹni tó ń wá bàtà. Ẹni tó dá rìn lè jókòó síwájú àwòrán kan ṣoṣo nínú mùsíọ́mù fún wákàtí méjì, kí ẹnikẹ́ni má sì mí kanlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi àánú sìn wọ́n. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń lọ wo ìlú lọ́jọ́ kejì, ẹ sọ fún wọn pé ó wà, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹni tó bá wù á lọ.

Ìrìn báyìí kì í ṣe tòní. Ọmọ ọdún 21 ni Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Morocco, nígbà tó kúrò ní Tangier, ìlú rẹ̀, lọ́dún 1325, láìsí alábàárìn. Ida Pfeiffer, obìnrin ará Vienna, dúró títí àwọn ọmọ rẹ̀ fi dàgbà. Ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn lọ́dún 1842, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì yí ayé ká kó tó kú.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àpò, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ lóye wọn. Nígbà tí Nellie Bly, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà, fẹ́ yí ayé ká lọ́dún 1889, àpò kékeré kan ló gbé. Ọjọ́ 72 ló fi parí rẹ̀. Mo máa ń rò pé owó ẹrù ni àwọn tó ń dá rìn ń sá fún, àfi ìgbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan là mí lójú. Ó ní bí èèyàn méjì bá wà ní ibùdókọ̀ ojú irin tí inú ń run ọ̀kan, yóò fa ẹrù lé ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Òun ńkọ́? Gbogbo ẹrù rẹ̀ ló ń bá a wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ohun tí kò bá lè gba ẹnu ọ̀nà tóóró yẹn, kò kúrò nílé. Látìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ibi tí àlejò lè fi ẹrù pa mọ́ sí kí yàrá tó ṣófo, tàbí lẹ́yìn tó ti dá kọ́kọ́rọ́ padà, ju ọ̀ṣọ́ gbogbo tó wà lára ògiri wa lọ lójú wọn. Ẹ má kàn nawọ́ sí igun ilé pé kí wọ́n gbé e síbẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà sórí ìwé, ẹ so ìdajì rẹ̀ mọ́ ẹrù, ẹ fún wọn ní ìdajì kejì, kí ẹ sì ti ẹrù náà mọ́lé níṣojú wọn.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yàrá ló dùn mí jù. Obìnrin kan dé lálẹ́, àwọn èèyàn jókòó yí ká, mo sì ké e sókè: "Yàrá 314, àjà kẹta." Ojú rẹ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí n fún òun ní yàrá mìíràn. Inú bí mi nígbà yẹn, mo rò pé ó ń ṣe fáàrí. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó yé mi pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ni mo júwe ibi tí obìnrin kan yóò dá sùn fún. Ẹ kọ nọ́ńbà sórí ìwé, kí ẹ rọra tì í síwájú rẹ̀. Ẹ má fi obìnrin tó dá wá sí ìsàlẹ̀ ilé tí fèrèsé dojú kọ títì, ẹ má sì fi í sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá. Bí ẹnì kan bá pè lórí fóònù pé ṣé lágbájá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ má dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ẹ bá sì gbọ́ tó ń sọ fún awakọ̀ tó gbé e wá pé ọkọ òun ń bọ̀ lẹ́yìn, tí ẹ sì mọ̀ pé yàrá ẹnì kan ló gbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún un. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ní ti owó, ẹ la òótọ́ kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Iná, ìfọṣọ àti ìtọ́jú yàrá kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù nítorí pé ẹnì kan ló sùn níbẹ̀, àwọn tó ń ṣètò ìrìn-àjò sì sábà máa ń dá iye ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí pé èèyàn méjì ni yóò pín yàrá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó dá wá fi ń san àfikún. Òótọ́ ò bí wọn nínú tó kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá àfikún náà pàdé lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé. Àwọn kan ti wá ọ̀nà mìíràn sí i tipẹ́: olùkọ́ kan ní Jámánì, Richard Schirrmann, ṣí ilé ìsùn àwọn ọ̀dọ́ sínú ilé olódi Altena lọ́dún 1912, níbi tí wọ́n ti ń gba bẹ́ẹ̀dì dípò yàrá. Òtẹ́ẹ̀lì oníhò tóóró, tí ihò kọ̀ọ̀kan gba ẹnì kan, bẹ̀rẹ̀ ní Osaka, ní Japan, lọ́dún 1979.

Ọ̀kan wà tí mo ṣì ń rántí lóru. Àlejò kan gbé àmì "ẹ má yọ mí lẹ́nu" kọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn fún ọjọ́ méjì, a sì bọ̀wọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ibà ló dá a wó. Fóònù rẹ̀ ti kú, kò sì lè dìde débi tí tiwa wà. Orí ló yọ ọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì ni, ẹnìkejì ìbá ti pariwo láti àárọ̀ ọjọ́ kìíní. Ní báyìí, bí àmì yẹn bá ti lo ọjọ́ kan gbáko, mo máa ń pe yàrá. Bí mi ò bá gbọ́ èsì, àwa méjì la jọ ń lọ kanlẹ̀kùn. Mo máa ń gba nọ́ńbà ẹnì kan nílé wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìlú tí wọ́n wà náà, mo máa ń kọ ọ́ fún wọn, torí kò dọ́gba: 112 ni wọ́n ń pè káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè European Union, 911 ni ti Amẹ́ríkà, 119 ni Japan ń pè fún ọkọ̀ aláìsàn.

Ẹ máa kíyè sí wọn nírọ̀lẹ́. Ọ̀sán kì í ni wọ́n lára, àsìkò oúnjẹ alẹ́ ló máa ń gùn. Ẹ má gbé wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ibi tí ẹ̀yìn wọn yóò ti kan ògiri, tí wọ́n á sì máa rí àwọn èèyàn, ló ń tù wọ́n lára. Tó bá di bí ọjọ́ kẹrin, ó ti ń rẹ̀ wọ́n láti máa dá gbogbo nǹkan rò: ọ̀nà wo, ọkọ̀ wo, oúnjẹ wo. Bí wọ́n bá bi yín níbi tó dáa láti jẹun, ẹ má kó ogún orúkọ lé wọn lọ́wọ́. Ẹ dárúkọ méjì, kí ẹ sọ èyí tí ẹ̀yin fúnra yín yóò lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá ń lọ, ẹ ó rí i pé wọ́n ń pẹ́ díẹ̀ nídìí tábìlì lẹ́yìn tí wọ́n ti dá kọ́kọ́rọ́ padà. Wọ́n á ní òjò ká wọn mọ́ orí òkè lánàá, wọ́n á ní ẹyẹ kan bà sí ìtòsí ẹsẹ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó bá wọn rí i. Ẹ fi kálámù sílẹ̀, kí ẹ bi wọ́n pé irú ẹyẹ wo ni.